Odilo ti Cluny, baba àwọn tí kò lẹ́ni

Bí ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá bá pé, àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà á kó orúkọ òkú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Potogí sọ di Porto-Novo, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti kú á kọ orúkọ bàbá, opó á kọ orúkọ ọkọ, wọn á sì fi í fún àlùfáà kí ó gbé e síwájú Ọlọ́run nínú Mísà. Ní Brazil, ọjọ́ ìsinmi ni fún gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n àdúrà ọjọ́ náà kò mọ sórí àwọn tí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Gbogbo onígbàgbọ́ tó ti kú láti ìpilẹ̀ ayé ló wà nínú rẹ̀, títí kan ẹni tí kò bímọ, ẹni tó kú sójú ọ̀nà, àti ẹni tí kò sí ẹ̀dá tó mọ ibojì rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan ló fi òfin gbé àdúrà yìí kalẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Odilo ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ábọ́ọ̀tì karùn-ún ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Cluny, ní agbègbè Burgundy ní ilẹ̀ Faransé, ó sì lo nǹkan bí ọdún 55 lórí oyè.

Ọ̀pọ̀ ìwé tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń kà á mọ́ àwọn alágbára ìgbà rẹ̀, irọ́ kọ́ sì ni. Àwọn olú-ọba gba ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀, àwọn póòpù mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tó gba ọkàn mi nínú ìtàn ayé rẹ̀ ni ibi tó ná agbára náà sí. Léraléra ni Odilo kó ohun tó níye lórí jù lọ́wọ́ ìjọ, yálà wúrà ni o, tàbí ọlá, tàbí àdúrà, tó sì fi ta ẹni tí kò ní alágbàwí lọ́rẹ. Lójú tèmi, àtúnṣe tó ṣe sí ìjọ gan-an nìyẹn, ó sì ju àtúnṣe inú ìwé òfin lọ.

A kò lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ láìmọ ilé tó jogún. Ní ọ̀rúndún kẹfà, ní Ítálì, Benedict Mímọ́ kọ òfin kan fún àwọn ọkùnrin tó bá fẹ́ gbé pa pọ̀ fún Ọlọ́run. Wọn kò ní gbéyàwó, wọn kò ní dá ohunkóhun ní, wọn á máa gbàdúrà tọ̀sán tòru, wọn á sì máa gbọ́ràn sí ábọ́ọ̀tì, ìyẹn baba ilé, lẹ́nu. Òfin náà tàn ká Yúróòpù. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹwàá, ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìjòyè. Ìjòyè tó ni ilẹ̀ á fi ọmọ rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ jẹ ábọ́ọ̀tì, á máa jẹ èrè oko, á sì jẹ́ kí òfin Benedict máa jẹrà sínú àpótí. Oyè bíṣọ́ọ̀bù pàápàá ti di ohun tí wọ́n ń fi owó rà.

William, dúùkù Aquitaine, ló dá Cluny sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 910, ó sì ṣe ohun tí àwọn olówó ìgbà rẹ̀ kì í sábà ṣe: ó yọwọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ náà pé àpọ́sítélì Pétérù àti Pọ́ọ̀lù ló ni ibẹ̀, pé òun fúnra òun, ẹbí òun, ọba tàbí bíṣọ́ọ̀bù kankan kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ agbára kàn án, àti pé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ni yóò máa yan olórí wọn. Ìṣákọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó bù fún wọn ni ṣílè 10 ní ọdún márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n fi máa tan iná ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn àpọ́sítélì ní Róòmù. Ó tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n máa ṣàánú tálákà, àlejò àti arìnrìn-àjò lójoojúmọ́. Odilo kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àánú sílẹ̀ ní Cluny, a jẹ́ pé inú ìwé ilẹ̀ ló ti bá a. Ohun tó ṣe ni pé ó mú un bí ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Nǹkan bí ọdún 962 ni wọ́n bí i ní Auvergne, sí ìdílé Mercœur, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ńlá agbègbè náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e ní kékeré. Jotsald, ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó sún mọ́ ọn tó sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ lẹ́yìn tó kú, sọ pé lọ́jọ́ kan àwọn ìránṣẹ́ tó gbé e rìnrìn-àjò sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Wúńdíá kan, wọ́n sì lọ wá oúnjẹ. Ọmọ náà rákò wọlé títí ó fi dé ìdí pẹpẹ, ó di aṣọ pẹpẹ mú, ó fi fa ara rẹ̀ sókè, ó sì dìde dúró. Ìgbà tí àwọn ìránṣẹ́ máa fi dé, ọmọ ti ń rìn. Nígbà tó dàgbà, ó lọ síwájú pẹpẹ Màríà pẹ̀lú okùn lọ́rùn, bí ẹrú tó ń fa ara rẹ̀ lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun ti di tirẹ̀ títí láé. Ọmọ ìjòyè ni o, ọmọ ẹni tí àwọn ẹrú ilẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún. Kò sẹ́ni tó fi okùn náà sí i lọ́rùn bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀. Mo gbà pé ẹni tó bá fẹ́ lóye gbogbo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì Julian Mímọ́ ní Brioude. Ní ọdún 991 ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Cluny, níbi tí àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Mayeul ti jẹ́ ábọ́ọ̀tì láti bí ogójì ọdún. Kò pẹ́ tí Mayeul fi rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ló lè gba ilé náà mú. Ó fi í ṣe igbákejì, nígbà tí Mayeul sì kú ní ọdún 994, Odilo bọ́ sórí oyè.

Àwọn tó rí i sọ pé kì í ṣe ènìyàn gíga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tí kò jẹun kánú, ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ ń tàn, omijé rẹ̀ sì wà nítòsí. Ara yìí ni ó gbé gun ẹṣin kọjá òkè Alps lọ sí Róòmù ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Nígbà tí wọ́n dé Conrad Kejì ládé olú-ọba ní Róòmù ní ọdún 1027, Odilo wà níbẹ̀. Adelaide, opó Olú-ọba Otto Kìíní, obìnrin tí wọ́n ti fi sí àtìmọ́lé rí ní ìgbà èwe rẹ̀ kó tó di aya Otto, ka Odilo sí baba ọkàn rẹ̀. Nígbà tí Adelaide kú ní ọdún 999, Odilo ló kọ ìwé ìrántí fún un. Ní Cluny fúnra rẹ̀, ó tún àgbàlá ilé kọ́. Ó ní kí wọ́n lọ kó òpó mábù wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì gbé wọn gba orí odò Durance àti Rhône. Ó máa ń yangàn díẹ̀ pé igi ni òun bá nílẹ̀, mábù ni òun máa fi sílẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ẹni tó máa kọ́ ilé Ọlọ́run, kó kọ́ ọ dáadáa.

Ohun tó ṣòro jù ni kíkó àwọn ilé yòókù jọ. Kó tó dé, ilé tí Cluny bá tún ṣe sábà máa ń ní ábọ́ọ̀tì tirẹ̀, wọ́n á sì pínyà. Nígbà Odilo, ilé lẹ́yìn ilé ń wọ abẹ́ Cluny tààrà, tó fi jẹ́ pé ábọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní, olórí ilé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ aṣojú rẹ̀. Paray-le-Monial bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ọdún 999. Farfa, ilé ńlá kan nítòsí Róòmù, gba àṣà Cluny lọ́dún náà, kódà wọ́n kọ ìwé kan jáde tó ṣàlàyé bí àwọn ará Cluny ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan látàárọ̀ dalẹ́, kí àwọn ará Farfa lè máa ṣe bẹ́ẹ̀. Sancho Kẹta, ọba Navarre ní Sípéènì, rán ènìyàn wá sí Cluny láti wá kọ́ ìgbé ayé ibẹ̀. Ètò yìí ni ìjòyè àdúgbò kò rí ọwọ́ tẹ̀ bọ̀ mọ́: ẹni tó bá fẹ́ gba ilé kékeré kan ní abúlé, Cluny ló máa bá jà.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà kò rí ọwọ́ tẹ̀ bọ̀ ọ́, inú wọn kò sì dùn. Póòpù Gregory Karùn-ún ti sọ ní ọdún 998 pé kò sí bíṣọ́ọ̀bù tó lè wá fi àlùfáà joyè tàbí ṣe Mísà ní Cluny bí ábọ́ọ̀tì kò bá pè é. Ní ọdún 1025, Gauzlin, bíṣọ́ọ̀bù Mâcon tí Cluny wà ní agbègbè rẹ̀, gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Anse. Wọ́n ṣí ìwé òfin àtijọ́, wọ́n ka ibi tó ní bíṣọ́ọ̀bù ló láṣẹ lórí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ agbègbè rẹ̀, wọ́n sì dá Odilo lẹ́bi. Lẹ́yìn ọdún méjì, Póòpù John Kọkàndínlógún dá Cluny láre. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́: àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà ní òfin lọ́wọ́, ẹ̀rù tó sì ń bà wọ́n kì í ṣe àsọdùn. Adalbero, bíṣọ́ọ̀bù Laon, bínú débi tó fi kọ ewì ẹ̀fẹ̀ kan tó pe ábọ́ọ̀tì wa ní Ọba Odilo. Fulbert, bíṣọ́ọ̀bù Chartres, ní tirẹ̀ pè é ní olú áńgẹ́lì àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́. Ọkùnrin kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ebi dé.

Rodulfus Glaber, ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan tó gbé ní Cluny fún ìgbà kan tó sì fi ìwé ìtàn rẹ̀ sọrí Odilo, ṣàpèjúwe ebi náà, ó sì fi í sí nǹkan bí ọdún 1033. Fún ọdún mẹ́ta òjò kò dá. Ilẹ̀ rin gbingbin débi pé kò sí poro tó ṣeé gbin irúgbìn sí. Olówó àti tálákà rù pọ̀. Nígbà tí ẹran àti ẹyẹ tán, àwọn ènìyàn ń jẹ gbòǹgbò igi àti koríko etí odò. Wọ́n ń wa amọ̀ funfun, wọ́n ń pò ó mọ́ ìwọ̀nba ìyẹ̀fun tó kù, wọ́n ń fi ṣe búrẹ́dì. Glaber sọ nípa ẹni tó gbé ẹran ènìyàn lọ sí ọjà Tournus láti tà, ìlú tí kò jìnnà sí Cluny. Òkú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè máa sin wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kòtò ńlá ni wọ́n ń kó wọn sí.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Odilo mọ̀ pé ìwàásù nìkan kò tó. Jotsald sọ pé nígbà tó wà lójú ọ̀nà Saint-Denis nítòsí Paris, ó rí ọmọdékùnrin méjì nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ebi àti òtútù ti pa wọ́n, ara wọn sì wà níhòòhò. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. Ó bọ́ aṣọ irun àgùntàn tó wọ̀ sábẹ́, ó fi wé àwọn ọmọ náà, ó wá àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀, ó sì dúró títí wọ́n fi sin wọ́n. Ẹni tí àwọn olú-ọba ń retí ni o. A kò mọ orúkọ àwọn ọmọ náà, òun náà kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí àká ilé tán, ó yíjú sí ibi pẹpẹ. Ó ní kí wọ́n kó àwọn ohun èlò mímọ́ jáde, àwọn ife àti àwo wúrà àti fàdákà, kí wọ́n fọ́ wọn, kí wọ́n fi ra oúnjẹ fún àwọn tálákà. Ohun ọ̀ṣọ́ tí Olú-ọba Henry Kejì fi ta Cluny lọ́rẹ wà nínú ohun tó lọ. Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ìgbà yẹn. Ẹ̀bùn olú-ọba kì í ṣe wúrà lásán. Ẹ̀rí ni pé olú-ọba àti ilé náà ti di ọ̀kan, àti pé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ yóò máa gbàdúrà fún un. Nígbà tí àwọn jagunjagun Mùsùlùmí láti Fraxinetum gbé Mayeul nígbèkùn lórí òkè Alps ní ọdún 972, Cluny kó ọ̀pọ̀ fàdákà jọ láti rà á padà, gbogbo ayé sì gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, torí pé ábọ́ọ̀tì ni. Odilo ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tí wọn kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Kò tún mú un mọ síbẹ̀, ó lọ bá àwọn ọlọ́lá agbègbè náà lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tí ebi ń pa.

Mi ò ní fi bò pé oko tí àwọn ẹrú ilẹ̀ ń ro ló ń bọ́ Cluny, àti pé Odilo kò fòpin sí ètò yẹn. Lára àwọn tí ebi pa lè jẹ́ àwọn tí ìkórè ọwọ́ wọn ti wọ àká ilé náà rí. Ó jẹ́ ọmọ ìgbà rẹ̀ ní ti ìyẹn, ó sì dùn mí. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn ni ebi ti dé bá, nígbà yẹn àti lẹ́yìn ìgbà yẹn, tí ife wúrà wọn ṣì wà lórí pẹpẹ di òní olónìí.

Kì í ṣe òjò nìkan ló ń pa àwọn àgbẹ̀. Agbára àwọn ọba ilẹ̀ Faransé kò dé ibi púpọ̀ nígbà náà. Ìjòyè tó bá ní ilé olódi àti ẹlẹ́ṣin díẹ̀ lè bá aládùúgbò rẹ̀ jà nígbà tó bá wù ú, ọ̀nà tó rọrùn jù láti fìyà jẹ aládùúgbò sì ni kí ó sun oko àwọn tó ń sìn ín. Láti òpin ọ̀rúndún kẹwàá ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti ń pe ìpàdé, tí wọ́n ń mú àwọn ẹlẹ́ṣin búra pé wọn kò ní fọwọ́ kan àlùfáà, àgbẹ̀, àti ẹran ọ̀sìn wọn. Ìpàdé Charroux ní ọdún 989 wà lára àwọn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni èrò mìíràn yọ jáde: bí a kò bá lè fòpin sí ogun, ǹjẹ́ a kò lè gba ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ní nǹkan bí ọdún 1041, Odilo dara pọ̀ mọ́ Raginbald, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Arles, àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Avignon àti Nice, wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn àlùfáà Ítálì. Wọ́n ní kí gbogbo onígbàgbọ́ gba àdéhùn Ọlọ́run tí àwọn ti gbà: láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú títí oòrùn á fi yọ ní Ọjọ́ Ajé, kí ọ̀tá máa bá ọ̀tá pàdé láìbẹ̀rù. Wọ́n fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìdí tirẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni Jésù gòkè re ọ̀run, Ọjọ́ Ẹtì ló jìyà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló wà nínú ibojì, Ọjọ́ Àìkú ló jí dìde. Ẹni tó bá pànìyàn nínú àwọn ọjọ́ náà, wọn á lé e kúrò nílùú, yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ dé Jerúsálẹ́mù. Ẹ wo ohun tí ìṣirò yìí ṣe: ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù fún ogun lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjòyè ló da àdéhùn náà, wọ́n dà á léraléra. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó bá lè kọ oko ní Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì láìwẹ̀yìn yóò rí nǹkan kórè.

Ó ku àwọn òkú. Kì í ṣe Odilo ló kọ́ àwọn Kristẹni láti máa gbàdúrà fún òkú, ó ti wà tipẹ́. Ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ òkú rẹ̀ tí wọ́n ń kà sókè ní ọjọ́ ikú ẹni kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ta ni orúkọ rẹ̀ ń wọ ìwé náà? Àwọn ará ilé ni, àti àwọn tó fún ilé náà ní ilẹ̀, ọgbà àjàrà tàbí owó. Ẹlòmíràn fi oko ńlá sílẹ̀ torí kí wọ́n lè máa rántí rẹ̀ ní Cluny. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tí yóò fi sílẹ̀ kò sí nínú ìwé.

Òfin tí Odilo gbé kalẹ̀, èyí tí àwọn kan fi sí ọdún 998 tí àwọn mìíràn sì fi sí nǹkan bí ọdún 1030, fọ́ ògiri yẹn. Ó ní gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe àjọ̀dún gbogbo àwọn Ẹni Mímọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, ọjọ́ kejì rẹ̀ yóò jẹ́ ti gbogbo onígbàgbọ́ tó ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé títí dé òpin. Kí wọ́n lu gbogbo agogo ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n kọ orin òkú, kí àwọn àlùfáà ṣe Mísà fún ìsinmi ọkàn wọn, kí wọ́n sì bọ́ tálákà méjìlá. Gbogbo ilé tó wà lábẹ́ Cluny ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Láti Cluny ló ti dé àwọn ìlú yòókù, tó fi di ti gbogbo ìjọ Àgùdà. Ní ọdún 1915, nígbà tí ogun àgbáyé ń pa ọ̀dọ́ láìníye, Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún yọ̀ǹda fún àlùfáà kọ̀ọ̀kan láti ṣe Mísà mẹ́ta lọ́jọ́ náà.

Àwa tí a máa ń sọ pé ẹni ọmọ sin ló bímọ lè tètè mọ bí èyí ti tóbi tó. A mọ ohun tí ojú ẹni tí kò lẹ́yìn ń rí, àti bí ìbẹ̀rù kíkú láìsí olùrántí ti wúwo tó. Odilo ní kí gbogbo ilé ńlá kan, pẹ̀lú agogo àti orin àti ẹgbàágbèje àdúrà rẹ̀, di ọmọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìtàn kan tan kálẹ̀ lẹ́yìn náà pé arìnrìn-àjò kan tó ń ti Jerúsálẹ́mù bọ̀ bá anìkangbé kan pàdé ní erékùṣù, tó sọ fún un pé òun máa ń gbọ́ tí àwọn ẹ̀mí èṣù ń ké pé àdúrà àwọn ará Cluny ń gba ọkàn mọ́ àwọn lọ́wọ́ nínú iná. Ẹni tó bá fẹ́ lè gba ìtàn náà gbọ́. Ní tèmi, oúnjẹ àwọn tálákà méjìlá wọ̀nyẹn ló jọ mí lójú jù, torí ó fi hàn pé Odilo kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òkú mú un gbàgbé alààyè.

Nígbà tí ipò bíṣọ́ọ̀bù àgbà Lyon ṣófo ní ọdún 1031, àwọn ènìyàn ń fẹ́ ẹ. Póòpù fi òrùka àti aṣọ oyè ránṣẹ́ sí i tààrà. Ó kọ̀. Póòpù kọ lẹ́tà líle sí i, ó bá a wí fún àìgbọràn. Ó ṣì kọ̀, ó ní òun á tọ́jú òrùka àti aṣọ náà fún ẹni tí Ọlọ́run bá yàn. Àwọn kan máa ń sọ fún un pé àánú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún àwọn tó bá ṣẹ̀ nínú ilé. Èsì rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá máa dá òun lẹ́bi, ó tẹ́ òun lọ́rùn kó jẹ́ nítorí àánú ju kó jẹ́ nítorí ìkà lọ.

Ara rẹ̀ ti ń dá a dúró ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn. Ó ṣàìsàn ní Róòmù, ó rò pé ibẹ̀ ni òun máa kú sí, ṣùgbọ́n ó gbádùn díẹ̀, ó padà sílé, ó sì tún gbéra láti lọ bẹ àwọn ilé tó wà lábẹ́ rẹ̀ wò. Souvigny ló dé, níbi tí Mayeul náà kú sí, tí wọ́n sì sin ín sí. Ó kú síbẹ̀ ní òru tó mọ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1049, wọ́n sì sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Mayeul ti yan Odilo fúnra rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Odilo kò yan ẹnikẹ́ni. Ó fi í sílẹ̀ fún àwọn ará ilé bí ìwé William ti wí, wọ́n sì yan Hugh ti Semur, ẹni tí kò tíì pé ọdún 25.